Catalyst 3560 tòkunbọ̀ tí mo fi ṣe static route: ohun tójú mi rí

Ẹ̀yin ará, ó ti lé lóṣù mẹ́ta tí mo ti ń lo switch Cisco Catalyst 3560 tòkunbọ̀ yìí (àpótí tí wọ́n ń so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́), onípọ́ọ̀tù 24, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí kí ẹni tó bá fẹ́ rà á má bàa wọ gàù bíi tèmi. Iléèwé kan n'Íbàdàn ló ní kí n bá àwọn pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ọ́fíìsì lọ́tọ̀, yàrá kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ lọ́tọ̀, torí àwọn ọmọ yẹn ti ń fi printer bọ́sà tẹ àwòrán bọ́ọ̀lù. Mo ṣe VLAN méjì (ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú switch kan náà): VLAN 10 fún 192.168.10.0, VLAN 20 fún 192.168.20.0, router wọn wà ní 192.168.1.1.

Config (ètò) ẹni tó lò ó tẹ́lẹ̀ ṣì kún inú switch náà. Mo tẹ write erase, mo pa vlan.dat (fáìlì àwọn VLAN) rẹ́, mo tẹ reload, ó mọ́ tónítóní.

Static route ọ̀hún, ìyẹn ọ̀nà tí èèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ kọ fún switch pé kó máa gbà, wá ńkọ́? Láìnì kan péré ni: ip route 0.0.0.0 0.0.0.0 192.168.1.1, ìyẹn ni pé ohunkóhun tí switch ò bá mọ ọ̀nà ẹ̀, kó gbé e fún router. Mo tẹ̀ ẹ́, kò bú mi, inú mi dùn, àmọ́ VLAN 10 ò rí VLAN 20, kò rí íntánẹ́ẹ̀tì, kò rí nǹkan kan. Mo ní show ip route, ó ní "Default gateway is not set". Háà, èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ tán! Àṣé bí o ò bá tẹ ip routing fún un, switch lásán ló fi ara ẹ̀ ṣe, kò ní gbé nǹkan láti VLAN kan sí òmíràn. Mo tẹ̀ ẹ́, S* (àmì static route tí mo kọ) yọjú, VLAN méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara wọn.

Íntánẹ́ẹ̀tì ṣì kọ̀ o. Eléyìí ló dá mi jókòó di aago mẹ́sàn-án alẹ́, torí tí mo bá ping 8.8.8.8 (àdírẹ́sì Google kan tí wọ́n fi ń dán íntánẹ́ẹ̀tì wò) látorí switch fúnra ẹ̀, ó ń lọ ó ń bọ̀ geerege, tí mo bá wá ṣe é látorí kọ̀ǹpútà bọ́sà, request timed out, kò sí èsì. Mo ti fẹ́ pe ẹni tó tà á fún mi kí n sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i, ìgbà náà ló sọ sí mi lọ́kàn pé àlọ nìkan ni mo là, mi ò la àbọ̀. Switch àti router jọ wà ní 192.168.1 ni, ìyẹn ló ṣe ń rí èsì gbà, router ò mọ ẹni tó ń jẹ́ 192.168.10 rí, ojú íntánẹ́ẹ̀tì ló ń da èsì ẹ̀ kọ. Mo wọnú router, mo ní kó máa da ti 10 àti 20 pa dà sọ́dọ̀ 192.168.1.2 tí í ṣe switch, kíá ni YouTube ṣí. Torí náà kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ wò ó bóyá router yín ní ibi tí wọ́n ti ń kọ static route, àwọn MiFi kéékèèké mìíràn ò ní in rárá.

Pọ́ọ̀tù 24 yẹn ò ju 100 Mbps lọ, ó tó iléèwé, ẹni tó bá ń gbé fídíò ńláńlá kó wá 3560G lọ.

Àní mo gbé router kejì kalẹ̀ bíi sípéà, mo fi nọ́ńbà 10 sẹ́yìn route tiẹ̀ kí switch má lò ó àfi tí ti àkọ́kọ́ bá kú, mo pa ti àkọ́kọ́, switch ò mira! VLAN kan náà làwọn méjèèjì wà, bí VLAN yẹn bá ṣáà ti wà láyé, ó gbà pé ọ̀nà ṣì dáa. Ìgbà tí mo fún kálukú ní VLAN tiẹ̀ ló tó gbọ́.

Máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ó yẹ kó gba márùn-ún, èmi ni mo gbàgbé write memory (àṣẹ tó ń tọ́jú config), iná lọ lóru, ọjọ́ Mọ́ńdè mo tún gbé kéébù console pa dà lọ síléèwé.