Ohun Ìdíhò fún Iṣẹ́ Ọwọ́: Èwo Lomi Ò Ní Tú, Èwo Ni Kò Ní Pa Yín Lára?

Kí ẹ tó ra ohun tí ẹ máa fi dí ihò ara ọkọ̀ ojú omi kékeré tàbí ìkòkò òdòdó tí ẹ ń fọwọ́ ṣe, ìbéèrè méjì ló wà ńlẹ̀. Kí lomi máa ṣe fún un tó bá ti le tán? Kí lòun náà máa ṣe fún yín nígbà tó ṣì rọ̀? Ọ̀pọ̀ èèyàn ń béèrè ti àkọ́kọ́, wọ́n ń fo èkejì.

POP (plaster of Paris, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń fomi pò) rọrùn láti pò, kò sì rùn, àmọ́ tó bá rẹ sómi, á rọ̀, á sì máa ṣí. Ẹ má rà á fún ohun tí omi máa kàn. Bó ṣe ń le ló ń gbóná, ẹ má ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀.

Ti ohun ìdíhò acrylic, omi ni wọ́n fi pò ó, òórùn rẹ̀ kéré, omi lásán lẹ máa fi fọ irinṣẹ́ yín. Ó tó fún ohun tí omi kàn ń ta sí lára, bí ẹ bá kùn ún lọ́dà. Ó máa ń súnkì tó bá ń gbẹ, torí náà díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa fi dí ihò tó jìn.

Ohun ìdíhò polyester táwọn tó ń tún ara mọ́tò ṣe ń lò máa ń tètè le, ó sì lágbára, ṣùgbọ́n styrene, kẹ́míkà kan tó wà nínú rẹ̀, ń ta èèyàn lójú, ó ń ta nímú. Tó bá jẹ́ inú yàrá lẹ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Epoxy alápá méjì, èyí tó rọ̀ bí amọ̀ tí wọ́n ń pò apá rẹ̀ méjèèjì pọ̀ kó lè le, lèmi máa mú fún ohun tó máa gbé inú omi. Ẹ gé apá méjèèjì ní ìwọ̀n tí páálí rẹ̀ sọ, kí ẹ fọwọ́ pò ó títí tí ìlà àwọ̀ kankan ò fi ní hàn mọ́. Ibi tí ìlà bá kù sí, kò ní le dáadáa. Kó tó le ni kí ẹ bẹ̀rù rẹ̀. Bí ara bá ti kọ epoxy lẹ́ẹ̀kan, ó lè máa kọ̀ ọ́ títí ayé, tí díẹ̀ tó bá kan awọ á sì máa fa èéyún. Ìbọ̀wọ́ nitrile (irú rọ́bà kan) ni kí ẹ wọ̀. Tó bá kan awọ, ọṣẹ àti omi lẹ máa fi fọ̀ ọ́, kì í ṣe acetone, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná. Ẹ jẹ́ kó le tán pátápátá kí ẹ tó fi sánpépà ha á, kí ẹ sì fi omi rin ín kí eruku rẹ̀ má fò wọ imú.

Tí ẹ bá rí ASTM D-4236, ìlànà ìkìlọ̀ fún ohun èlò iṣẹ́ ọnà, lára páálí tó wá láti Amẹ́ríkà, ohun tó ń sọ ni pé wọ́n ti yẹ ohun inú rẹ̀ wò, wọ́n sì ti kọ ìkìlọ̀ tó bá yẹ síbẹ̀. Kò sọ pé kò léwu. Kódà èyí tí wọ́n kọ pé kò ní májèlé sí, ẹ má fi dí ife tí ẹnikẹ́ni máa mu omi nínú rẹ̀, àfi tí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ṣeé lò fún ohun jíjẹ.