Íńtálọ́ọ̀kì tàbí kọnkéré: èwo ló bá ilẹ̀ yín mu?

Kí ẹ tó bèèrè iye owó títẹ́ ojú ọ̀nà mọ́tò inú ọgbà yín, ẹ mú ṣọ́bìrì, kí ẹ gbẹ́ ibi tí mọ́tò yóò máa gbà láti géètì wọlé. Bó bá jẹ́ yangí pupa lẹ bá, ilẹ̀ tó le nìyẹn. Bó bá jẹ́ amọ̀, irú èyí tí àwọn ìyá amọ̀kòkò Òkèlele ń lò, ẹ ṣọ́ra: òjò máa ń mú un wú, ọyẹ́ máa ń mú un súnkì. Ọdọọdún ni Ìlọrin sì ń rí méjèèjì.

Kọnkéré kò fẹ́ ilẹ̀ tó ń mì. Lórí yangí, íǹṣì 4 tó fún ọkọ̀ kékeré. Lórí amọ̀, yóò lanu, àfi kí ẹ fọ́ ọ kí ẹ tó lè tún un ṣe. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé ìlà sí ojú rẹ̀ ní mítà 3 sí mítà 3. Tó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́ lẹ dà á, ẹ fi àpò tútù bò ó fún ọjọ́ 7, torí afẹ́fẹ́ yẹn máa ń fa omi rẹ̀ gbẹ kó tó le.

Íńtálọ́ọ̀kì ń bá ilẹ̀ rìn. Bó bá rì, ẹ yọ ọ́, ẹ dí abẹ́ rẹ̀, ẹ dá a padà. Ṣùgbọ́n abẹ́ yẹn gan-an ni wọ́n ti ń rẹ́ wa jẹ. Tiwa ní Gáà Àkànbí, òjò ọdún kejì ni ojú ipa táyà rì bí ọpọ́n ayò. Nígbà tí a yọ ẹyọ kan, gbòǹgbò koríko ṣì wà níbẹ̀, yanrìn orí rẹ̀ kò nípọn ju ìka kan lọ! A kó ilẹ̀ dúdú náà kúrò, a kó yangí sí i, wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ ní ìpele-ìpele. Kò tíì rì mọ́. Ẹ ra èyí tó nípọn tó mílímítà 60. Bí táńkà omi bá ń wọlé, 80. Kí wọ́n sì fi kọnkéré dè é létí, kí àgbàrá má baà wọ́ yanrìn abẹ́ rẹ̀ lọ.

Òkúta gíráńáàtì tí wọ́n kàn dà sílẹ̀ ló dínwó jù, ṣùgbọ́n kò yẹ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Ní ìsàlẹ̀ lẹ́bàá odò Asa, íńtálọ́ọ̀kì ni màá mú. Ní orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bíi ti apá Òmù-Àrán, kọnkéré ni, kí wọ́n fi ìgbálẹ̀ fa ojú rẹ̀ kó má baà máa yọ̀.

Èyí ó wù kẹ́ ẹ mú, kó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí gọ́tà ní sẹ̀ǹtímítà 2 fún mítà kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n tó bo ilẹ̀ tí wọ́n ti tẹ̀, ẹ da omi garawa kan sí i. Bó bá dá adágún sáàárín, ẹ má tíì sanwó.