Àgbéyẹ̀wò: Sọ́fútíwíà mónógíráàmù tó lé Windows 7 mi síta

Ọjọ́ Ẹtì ni. Agbádá ìdílé kan láti Kéńta wà nílẹ̀ níwájú mi, Sátidé ni ìnáwó. Mo tan láptọ́ọ̀pù, mo tẹ sọ́fútíwíà tí mo fi ń ya iṣẹ́ ọnà tí ẹ̀rọ mónógíráàmù mi máa rán sára aṣọ. Kàkà kó ṣí, àkọlé kékeré kan yọ lójú rẹ̀ pé àwọn ò bá Windows tí mò ń lò ṣe mọ́. Bọ́tìnì kan péré ló wà níbẹ̀: OK. OK sí kí ni? Mo tẹ̀ ẹ́, ó pa ara rẹ̀ dé.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí iṣẹ́ yìí mọ ohun tí irú sọ́fútíwíà bẹ́ẹ̀ ń ṣe, n ò ní fìyẹn gbà yín lásìkò. Ó dáa. Ewé, ìlà, lẹ́tà, ohun tí mo bá ní kó yà ló ń yà.

Mo mọ̀ pé Windows 7 ti pẹ́. Microsoft ti jáwọ́ nínú rẹ̀ láti 14 Oṣù Kìíní 2020. Ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù mi ò ṣàìsàn, òun àti ẹ̀rọ mi sì mọwọ́ ara wọn. Owó ọdún yìí ti wọ àpò àwọn tó ni sọ́fútíwíà yìí kí wọ́n tó rántí pé Windows 7 ti gbó. Kò sí ímeèlì, kò sí ìkìlọ̀. Onílé tó gba owó ilé tán, tó wá pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ lóru, kí là ń pè é?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Mo ní DST ọrùn agbádá náà, ìyẹn fáìlì tí ẹ̀rọ mónógíráàmù fi ń ránṣọ, lórí fíláàṣì, ẹ̀rọ sì ń ka DST láìbéèrè Windows kankan. Àmọ́ bàbá tó ni ìnáwó sanra, ọrùn tirẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju tàwọn ọmọ lọ. DST ò mọ ewé yàtọ̀ sí ìlà. Ibi tí abẹ́rẹ́ máa gún, ibi tó máa fò, ibi tó máa dúró ká lè pààrọ̀ òwú, gbogbo ohun tó mọ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ̀ ẹ́, òwú á jìnnà síra, aṣọ á máa yọjú láàárín iṣẹ́. Bí ẹ bá sún un kì, òwú á há mọ́ra, á máa já. Fáìlì tí mo fi yà á láti ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ló ṣeé fẹ̀ dáadáa, sọ́fútíwíà tó tilẹ̀kùn mọ́ mi yìí ló sì lè ṣí i.

Aṣojú wọn tó tà á fún mi l'Ékòó ní, "Àǹtí, ẹ ra láptọ́ọ̀pù tuntun." Bóyá òun ló máa fún mi lówó.

Mo lọ sórí WhatsApp ilé iṣẹ́ náà. Ọkùnrin kan ní kí n ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà. Mo yà á. Ó ní kò hàn, kí n tún un yà. Mo tún un yà. Ó wá béèrè Windows wo ni mò ń lò, ohun tí àwòrán yẹn gan-an kọ sára! Nígbà tó yá, ó fi líǹkì Windows 11 ránṣẹ́. Mo ní láptọ́ọ̀pù mi ò ní TPM 2.0, ìyẹn ẹ̀yà ààbò tí Windows 11 ń béèrè, Windows 11 ò ní gbà á. Ó tún fi líǹkì kan náà ránṣẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti fi títẹ̀ sílẹ̀, tí mo fi ohùn ara mi ránṣẹ́ ní Yorùbá tó jinlẹ̀.

Ọmọbìnrin kan ló fèsì. "Ẹ má bínú, mà. Mo gbọ́ gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ, títí kan èyí tẹ́ ẹ sọ nípa ọ̀gá mi." Mo rẹ́rìn-ín, mi ò mọ ìgbà.

Ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń bá àǹtí rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní ibi tí a ti ń tẹ páswọ́ọ̀dù nínú sọ́fútíwíà wọn, ẹ́ńjìnnì Chrome, ìyẹn ohun tí Chrome ti Google fi ń ṣí ojú ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì, ló wà nínú rẹ̀. Oṣù Kejì 2023 ni Google fi Windows 7 sílẹ̀, nígbà tí Chrome 110 jáde. Ẹni tó bá kọ̀ tí ò kúrò lórí ẹ́ńjìnnì àtijọ́, kò ní rí àtúnṣe ààbò gbà mọ́, páswọ́ọ̀dù oníbàárà ló sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Ó ní Steam táwọn ọmọ fi ń ṣe géèmù náà tìtorí ẹ́ńjìnnì yìí kúrò lórí Windows 7 ní 1 Oṣù Kìíní 2024. Ó wá ní, "Ó yẹ ká ti sọ fún yín, mà. A ò sọ." Ẹnìkan ṣoṣo tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi nílé iṣẹ́ yẹn nìyẹn.

Ó ní kí n fi fáìlì náà ránṣẹ́. Ó bi mí léèrè pé gínì ni àbí àrán, torí ọ̀nà tí òwú ń gbà fa aṣọ wọn ò dọ́gba. Ó bá mi fẹ ọrùn náà lórí kọ̀ǹpútà tiẹ̀, ó dá DST pa dà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀rọ ti ń dún ní ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìtòkú. Bàbá wọ agbádá rẹ̀, ọrùn jókòó.

Lẹ́yìn ìnáwó, ọmọkùnrin kan ní Kútọ̀ bá mi fi Windows 10 sí i, ó pààrọ̀ háàdì dísìkì sí SSD, irú èyí tó yára jù ú lọ. Sọ́fútíwíà gbà, ó tiẹ̀ ń yára ṣí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Inú mi dùn títí mo fi rántí pé Windows 10 fúnra rẹ̀, Microsoft ti jáwọ́ nínú rẹ̀ ní 14 Oṣù Kẹwàá 2025. Àfikún ààbò tí wọ́n ní kí àwa tá à ń lò ó nílé forúkọ sílẹ̀ fún ò kọjá 13 Oṣù Kẹwàá 2026. Mo bi ilé iṣẹ́ náà pé ìgbà wo làwọn náà máa fi Windows 10 sílẹ̀. Ọkùnrin olíǹkì ló dáhùn: "A máa kàn sí yín." Mo ní kí wọ́n fi àsìkò tí mi ò rí i lò kún sáà mi, wọ́n ní kò sí nínú àdéhùn. Ẹ ò rí nǹkan!

Ẹni tó bá ń lò ó, kó yáa kó gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní DST báyìí, kó sì béèrè Windows tí wọ́n máa gbà kó tó sanwó ọdún tó ń bọ̀. Kó gba èsì náà ní kíkọ.

Máàkì: 4 nínú 5. Bí wọ́n bá gbé ọmọbìnrin yẹn kúrò nídìí WhatsApp, ẹ kà á sí 1. Owó ọdún tó ń bọ̀ ńkọ́? Mo ti ń tọ́jú ẹ̀.