Lexus ES 350 àbí Benz C300? Ẹ wo ohun tí wọ́n máa jẹ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá rà wọ́n tán

Àbúrò mi kan pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti kówó jọ o, mo fẹ́ gbé mọ́tò tí wọ́n máa rí tí wọ́n á mọ̀ pé èmi náà ti dé. Ṣé kí n gbé Lexus ni àbí Benz?" Mo bi í pé èló ló wà lọ́wọ́ ẹ, ó sọ iye kan. Mo ní tó o bá rà á tán èló ló máa ṣẹ́ kù? Ó dákẹ́. Mo rò pé network ló lọ. Ó tó jẹ́wọ́ pé kò sí kọ́bọ̀ tó máa ṣẹ́ kù, gbogbo ẹ̀ ló fẹ́ kó fún oní-mọ́tò. Ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ yẹn ni mo ń kọ síbí, torí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí.

Mọ́tò méjèèjì tí mo fẹ́ fi wéra nìyí: Lexus ES 350 ti 2007 sí 2012, àti Benz C300 ti 2008 sí 2011, èyí tí wọ́n ń pè ní W204. Mo mú àwọn méjì yìí torí pé àwọn ni mo sábà máa ń rí tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbi tí wọ́n ti ń ta tòkunbọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣì wà ní tuntun ní Amẹ́ríkà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lé ní 30,000 dọ́là, ohun tí ẹni tó ń ra àlòkù kì í sì í rántí nìyẹn. Owó mọ́tò ti já wálẹ̀, owó páàtì ò tẹ̀ lé e. Sẹ́ńsọ̀ inú jíà Benz ò mọ̀ pé mọ́tò ti dàgbà, iye tó ń jẹ́ ló ṣì ń jẹ́, dọ́là ni wọ́n sì fi ń kó o wọlé. Nígbà tí wọ́n tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, dọ́là wà ní nǹkan bíi 460 náírà ní báńkì, kí oṣù kejì 2024 tó parí ó ti kọjá 1,500. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní kọ iye náírà kankan síbí, tí mo bá kọ ọ́ lónìí ó ti di irọ́ kó tó dọ̀la. Bí wọ́n ṣe ń jẹ ni màá sọ, ẹ̀yin ẹ lọ béèrè iye ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta páàtì, ní Ládípọ̀ l'Ékòó, tàbí ní Gate tó bá jẹ́ Ìbàdàn lẹ wà.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹbí ẹ̀

Ẹni tó fẹ́ gbéyàwó, àwọn àgbà á ti ní kí ẹnìkan lọ fọgbọ́n wádìí irú ilé tí ọmọ náà ti wá. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún mọ́tò náà. ES 350 yìí, ẹbí ẹ̀ pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ẹ́ńjìnì inú ẹ̀, 2GR-FE, V6 oní 3.5, òun náà ló wà nínú Camry V6, nínú Avalon, nínú Sienna, nínú Highlander àti RX 350 ti ìgbà yẹn. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé tí kóìlì kan bá kú mọ́ yín lọ́wọ́ ní Òṣogbo lọ́jọ́ Sunday, ẹni tó ń tún Sienna ṣe nítòsí ibẹ̀ lè ní in nínú àpótí ẹ̀. Wọ́tà pọ́ǹpù, kóìlì, plọ́ọ̀gì, gbogbo ẹ̀ ló wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ, tuntun wà, Belgium (àlòkù tó ti òkè òkun wá) wà, ayédèrú náà kúkú wà.

C300 náà ní ẹbí o. Ìdílé ẹ́ńjìnì ẹ̀, M272, wà nínú E350, ó wà nínú ML350. Ṣùgbọ́n olówó ni gbogbo ẹbí yẹn, kò sí mẹ̀kúnnù kan ṣoṣo láàárín wọn tẹ́ ẹ lè sá tọ̀ lọ.

Ohun tó wá mú ọ̀rọ̀ Benz le jù ni pé àwọn páàtì ẹ̀ kan wà tó mọ olówó ẹ̀ bí ajá. Kọ̀ǹpútà kékeré tó wà nínú jíà, tàbí ẹ̀rọ tó ń ti steering pa, tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ lára C300 míì tó ti kọlu nǹkan, tẹ́ ẹ gbé e sínú tiyín, kò ní dá yín lóhùn, torí wọ́n ti so ó mọ́ mọ́tò àkọ́kọ́. Ẹ gbọ́dọ̀ wá ẹni tó ní láptọ́ọ̀pù àti sọ́fíwíà tó máa nù ún mọ́ kó tó gba ilé tuntun, owó ẹni yẹn sì máa ń sún mọ́ owó páàtì fúnra ẹ̀ nígbà míì. Nítorí náà Belgium tó ń yọ oní-Lexus nínú wàhálà, ìdajì wàhálà ló ń bá oní-Benz gbé lọ.

Ohun tójú mi rí nílé epo

Ẹ má rò pé mo kórìíra Benz o, C300 ti 2008 lèmi fúnra mi ń wà. Lọ́jọ́ kan mo ya ilé epo kan ní Ìwó Road, mo ra epo tán, mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, kò yí. Dáṣíbọ́ọ̀dù ṣú dùdù. Ìró kékeré kan wà tí steering W204 máa ń ṣe tẹ́ ẹ bá ki kọ́kọ́rọ́ bọ inú ẹ̀, grrk báyìí, bí ẹni ń fa gbágà ilẹ̀kùn, ọjọ́ tẹ́ ẹ ò bá ti gbọ́ ìró yẹn mọ́, ẹ ti wọ gàù. Àwọn ọmọ ilé epo ní káwọn tì í, mo ní ẹ dúró ná, steering ti tì pa, jíà wà lórí P, ibo lẹ fẹ́ tì í lọ? Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ń tẹ hóònù bí ẹni pé hóònù ló máa ṣí i.

Wọ́n bá mi pe bọ̀dá rewáyà kan tó mọ Benz, orí ọ̀kadà ló gbà dé. Kò tiẹ̀ wò mí lójú, ó kàn bi mí pé, "Alàgbà, ó ti tó ọjọ́ mélòó tó ti ń ṣe yín ní kó wọlé kó má yí?" Mo ní bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ó mi orí. Ó yọ òòlù onírọ́bà látinú báàgì ẹ̀, ó na ọwọ́ sábẹ́ steering, ó gbá a lẹ́ẹ̀mejì, kò le kò rọ̀, ó ní kí n yí kọ́kọ́rọ́. Grrk! Iná tàn. Ó ní, "Ẹ má pa á o, kẹ́ ẹ máa tẹ̀ lé mi lọ sọ́ọ̀bù báyìí." Mọ́tò kékeré tó wà nínú ẹ̀rọ tó ń ti steering ló gbó, àìsàn W204 ni, kì í ṣe tèmi nìkan. Ó yọ gbogbo ẹ̀ kúrò, ó fi emulator sí i, ìyẹn ohun tó máa ń purọ́ fún mọ́tò pé steering ti ṣí, ó sì fi láptọ́ọ̀pù kọ́ ọ. Páàtì yẹn ò wọ́n. Ìmọ̀ tó fi kọ́ ọ ni mo sanwó fún, kò sì dùn mí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra C300, ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá wọ́n ti ṣe èyí, tí wọ́n bá ti ṣe é dáadáa ẹ̀rù kan ti kúrò lọ́rùn yín.

Lexus náà ní tiẹ̀

Àwọn èèyàn á ní Lexus ò kì í bàjẹ́. Irọ́ ni jàre, ó ń bàjẹ́, ó kàn jẹ́ pé owó ẹ̀ kì í já èèyàn láyà ni. Ọ̀kan wà tó léwu ṣá. Páìpù kékeré kan wà tó ń gbé ọ́ìlì lọ síbi VVT-i (ẹ̀rọ tó ń yí àsìkò tí fáàfù ẹ́ńjìnì ń ṣí padà), ti àwọn tó kọ́kọ́ jáde, rọ́bà ni wọ́n fi sí àárín ẹ̀. Ọjọ́ tí rọ́bà yẹn bá là, ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnì lè dà sílẹ̀ tán láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, tó bá ṣe pé orí express lẹ wà tẹ́ ẹ ń sáré tẹ́ ẹ ò wo dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ́ńjìnì ti nọ́ọ̀kù nìyẹn. Toyota, tó ń ṣe Lexus, ti ṣe èyí tó jẹ́ irin láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin rọ́pò ẹ̀. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ ní kí mẹkáníìkì fọwọ́ kàn án hàn yín: tẹ́ ẹ bá ṣì rí rọ́bà níbẹ̀, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé mọ́tò náà lọ ìrìn àjò kankan.

Wọ́tà pọ́ǹpù ẹ̀ náà máa ń jò, ẹ máa rí i tí omi pupa resúresú gbẹ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Plọ́ọ̀gì mẹ́fà ló ní, mẹ́ta wà níwájú tí ọmọ iṣẹ́ lè yọ kíákíá, mẹ́ta tó kù sá pamọ́ sẹ́yìn, wọ́n gbọ́dọ̀ tú manifold òkè (ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnì) kúrò kí ọwọ́ tó débẹ̀. Mẹkáníìkì míì á gba owó mẹ́fà, á pààrọ̀ mẹ́ta iwájú, á ní ó ti parí. Ẹ ní kó kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó yọ fún yín, kẹ́ ẹ kà á lójú ẹ̀. Dáṣíbọ́ọ̀dù ẹ̀ tún máa ń yọ́ nínú oòrùn, á máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ bí oyin, ìyẹn ò dá mọ́tò dúró, ojú ló ń tini.

Ẹ́ńjìnì àti jíà Benz

Àwọn M272 tó kọ́kọ́ jáde ní àìsàn balance shaft (irin tó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnì má gbọ̀n): eyín jíà kan nínú ẹ́ńjìnì máa ń jẹ tán, kí wọ́n tó lè tún un ṣe ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ C300 bọ́ nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ka nọ́ńbà ẹ́ńjìnì kó lè dá yín lójú. Tí nọ́ńbà mẹ́fà tó gbẹ̀yìn bá kéré sí 468993, ẹ jẹ́ kẹ́sẹ̀ yín yá kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ́ìlì tó ń jò ló kù, ó máa ń gba ojú sẹ́ńsọ̀ camshaft wọnú wáyà, á máa rìn lọ díẹ̀díẹ̀ sọ́nà bíréènì bọ́ọ̀sì. Ẹ yọ sókẹ́ẹ̀tì wáyà yẹn, ẹ wo inú ẹ̀, tó bá tutù fún ọ́ìlì, ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ nígbà tẹ́ ẹ bá ń ná an.

Jíà C300 oní 7 ni, ti ES oní 6. Ti ES, kẹ́ ẹ ṣáà máa pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ̀, kó sì jẹ́ WS, ọ́ìlì jíà Toyota tó yẹ ẹ́. Ti Benz, sẹ́ńsọ̀ inú kọ̀ǹpútà jíà máa ń kú, mọ́tò á wá há sórí jíà kan ṣoṣo, kò ní kúrò níbẹ̀ títí tẹ́ ẹ fi máa délé. Ohun àkọ́kọ́ tí mẹkáníìkì àdúgbò máa sọ ni pé "Ọ̀gá, jíà ti lọ, ẹ jẹ́ ká gbé òmíì." Jíà ò lọ o! Bọ́ọ̀dù kan ni, àwọn tó ń tún un ṣe wà, ẹ wá wọn kàn kẹ́ ẹ tó sọ owó odidi jíà nù.

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì: ES ń mu nǹkan bíi lítà 6, C300 ń mu nǹkan bíi 8, ìyẹn gálọ́ọ̀nù oní lítà 4 méjì gbáko, kó sì jẹ́ èyí tí Benz fọwọ́ sí, 229.5 ló yẹ kẹ́ ẹ rí lára ike ẹ̀.

Epo bẹntiróòlù: wọn ò jìnnà síra, lítà 11 sí 12 fún kìlómítà 100, go-slow á sì fi kún un. Ẹni tó ń rin 1,500 kìlómítà lóṣù kò ní fi ju lítà 15 lọ yàtọ̀ síra. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún 2023, gbogbo èèyàn ló ń bi mí léèrè epo, ṣùgbọ́n epo kọ́ ló ń ya àwọn méjèèjì yìí.

Ẹ sì sá fún C300 tó bá jẹ́ 4MATIC, èyí tí ẹ́ńjìnì ń yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀. Yìnyín wo la fẹ́ fi rìn lórí ẹ̀ níbí? Páàtì tó lè bàjẹ́ ló kàn fi kún un, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ti ibi òtútù wá, níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì. Ẹ dùbúlẹ̀ wo irin tó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró, tí ìpẹtà bá ti ń jẹ ẹ́, ẹ dìde, ẹ gbọn aṣọ yín, kẹ́ ẹ máa lọ.

Àwọn tó ní Range Rover làwọn fẹ́

Aládùúgbò mi kan ní Range Rover Sport ti 2007, V8 oní 4.4. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ń gbé e dúró, kì í ṣe síprínńgì. Ẹ máa jí láàárọ̀, ẹ máa rí i tó ti wólẹ̀ bíi ràkúnmí tó kúnlẹ̀, ó dìgbà tí kọ̀ḿprẹ́sọ̀ bá fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i kó tó gbéra. Kọ̀ḿprẹ́sọ̀ yẹn ti kú lẹ́ẹ̀mejì lójú mi. Àròpọ̀ ohun tí Lexus àti Benz ń jẹ lọ́dún, mi ò rò pé ó tó ti jíìpù yẹn. Tẹ́ ẹ bá níṣẹ́ tó ń mówó wọlé lóṣooṣù tí kì í kùnà, ẹ gbé e, ẹ gbádùn ara yín. Tí ẹ ò bá ní, ẹ yà á ní fọ́tò.

Èló ló yẹ kó ṣẹ́ kù?

Tèmi ni mo ń sọ o, kì í ṣe òfin: tó bá jẹ́ ES lẹ fẹ́, ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́fà owó tẹ́ ẹ fẹ́ fi rà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó bá jẹ́ C300, ìdá kan nínú mẹ́ta. Ọdún àkọ́kọ́ ló máa ń jẹ jù, torí ẹni tó tà á fún yín ti ń sún àtúnṣe síwájú tipẹ́. Àbúrò mi ní ìdá kan nínú mẹ́ta pọ̀ jù, mo ní kó lọ gbé Lexus, tàbí kó gbé Camry V6 kó gba ẹ́ńjìnì kan náà, ó bínú sí ìyẹn ju gbogbo ẹ̀ lọ.

Ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù náà ṣe pàtàkì, torí láti January 2017 ni wọ́n ti fòfin de gbígbé mọ́tò gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé, tí ẹnìkan bá ní Kútọnu lòun gbé tiẹ̀ gbà lẹ́yìn ìgbà yẹn, ẹ má dá sí i.

Ẹ lọ wò ó láàárọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì tutù, kẹ́ ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má tíì sítáàtì ẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé. Ẹ gbé ẹni tó ní skánà dání, kì í ṣe iná check engine nìkan ni kó wò, kó wo readiness, torí tí wọ́n bá ti nu àṣìṣe kúrò láàárọ̀ yẹn, ó máa hàn níbẹ̀ pé àyẹ̀wò ò tíì parí. Lẹ́yìn náà ẹ wà á tó 30 kìlómítà, kí AC wà lórí ẹ̀, kẹ́ ẹ wọ inú go-slow, kẹ́ ẹ pa á, kẹ́ ẹ tún sítáàtì ẹ̀ nígbà tó ti gbóná. Tó bá jẹ́ C300, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ kẹ́ ẹ tún kì í bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀márùn-ún, ẹ fetí sílẹ̀ fún grrk yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí kò bá dún nínú márùn-ún, owó emulator ti kúrò nínú iye tí wọ́n pè é nìyẹn.