Àgbéyẹ̀wò oògùn ìdènà oyún pàjáwìrì: ohun tó ṣe sí nǹkan oṣù mi

Nígbà tí kọ́ńdọ̀mù bẹ́ mọ́ èmi àti ọkọ mi lára, mo lọ ra oògùn ìdènà oyún pàjáwìrì ní ilé oògùn kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Levonorgestrel ni èròjà inú rẹ̀, hóró méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílígíráàmù 0.75. Mo lo méjèèjì pọ̀ láìfi falẹ̀, nítorí pé láàárín wákàtí 72 ló yẹ kí a lò ó, bó bá sì ṣe yá tó ló ṣe ń ṣiṣẹ́ tó.

Nírọ̀lẹ́, inú bẹ̀rẹ̀ sí í rìn mí bí mo ti ń gbọ́ òórùn ìkọ́kọrẹ́ tí mo gbé kaná, orí sì ń fọ́ mi. Gàrí nìkan ni ọ̀nà ọ̀fun mi gbà. Ọpẹ́ ni pé n kò bì, nítorí pé ẹni tó bá bì í láàárín wákàtí méjì ní láti lo òmíràn. Ìyẹn kò pẹ́ lọ. Ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, mo rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára páńtà mi, àwọ̀ rẹ̀ dà bí omi obì, kò sì tó ohun tí à ń lo páàdì sí. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó bá rí irú èyí á ní nǹkan oṣù òun ti dé, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀. Kì í ṣe nǹkan oṣù o. Ojúlówó tèmi kò dé ní àkókò rẹ̀, nítorí pé ṣe ni oògùn náà ń dá ẹyin obìnrin dúró kí ó má tètè jáde, bí ẹyin bá sì pẹ́, nǹkan oṣù náà lè pẹ́. Ti ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀ á yá ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ó bá fi ju ọ̀sẹ̀ kan lọ pẹ́, àyẹ̀wò oyún ló kàn. Mo ṣe é, kò sí oyún. Nígbà tó wá dé, ó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ti oṣù kejì padà bọ̀ sípò.

Ohun tó dùn mí ni pé ẹni tó tà á kò sọ ọ̀kankan nínú èyí fún mi. Inú ìwé tó wà nínú páálí ni mo ti kà á, lẹ́tà rẹ̀ sì rí wínníwínní. Oògùn náà dára fún pàjáwìrì, ó sì sàn fíìfíì ju omi iyọ̀ àti ọtí líle tí àwọn kan ń mu lọ. Kì í ṣẹ́ oyún tó ti dúró, kì í sì í ba ilé ọmọ jẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń sọ ládùúgbò wa. Àmọ́ kò ní dáàbò bo ẹni tó bá tún ní ìbálòpọ̀ lẹ́yìn tó lò ó tán. Kí ẹni tó ń lo rifampicin fún ikọ́ ife, tàbí efavirenz fún kòkòrò HIV, sọ fún apòògùn kó tó sanwó, nítorí pé wọ́n máa ń dín agbára rẹ̀ kù.