Kátíríìjì nọ́ńbà 4 fún ọ̀yà: bí mo ṣe rí i nínú oko obì Rẹ́mọ

Àrìnpa o, ẹ̀yin ọdẹ. Kátíríìjì oníke, nọ́ńbà 4 (ìyẹn ìwọ̀n hóró òjé inú rẹ̀), tó ní òjé gíráàmù 36, ni mo ń lò láti ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá nínú àwọn oko obì tó wà lẹ́yìn Ìṣarà. Ìbọn ẹlẹ́nu kan, géèjì 12 (ìyẹn ìwọ̀n ihò ọ̀pá rẹ̀), tó ní ìwé ọlọ́pàá, ni mo fi ń yìn ín. Ọ̀yà ni mo ń wá.

Ọ̀pọ̀ ọdẹ wa ò mọ̀ ju SSG, kátíríìjì oníhóró ńlá, lọ. Wọ́n á dé ìsọ̀, wọ́n á ní, "Ẹ fún mi ní èyí tó ń pa ẹran ńlá." Ẹran ńlá wo? Hóró òjé SSG fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílímítà 7, nítorí náà nínú gíráàmù 36, iye rẹ̀ ò pé ogún. Tó bá fọ́n ká, ọ̀yà lè gba àárín wọn kọjá. Nọ́ńbà 4 fi díẹ̀ ju mílímítà 3 lọ, ó sì tó nǹkan bí igba hóró. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ni hóró ń kéré, ẹ fi sọ́kàn.

Ní ogún mítà sí ọgbọ̀n, iṣẹ́ rẹ̀ dá mi lójú. Tó bá jù bẹ́ẹ̀, mi ò ní yìn ín, torí hóró kékeré kì í pẹ́ rẹ̀ lọ́nà. Ti ìgalà, ẹ jọ̀ọ́, ọgbẹ́ lásán lẹ máa dá sí i lára.

Àléébù rẹ̀ ni òjé inú ẹran. Ìyá tó ń ra ẹran lọ́wọ́ mi lójú títì Ṣágámù ti bá mi jà: oníbàárà rẹ̀ fi eyín kan òjé. Ó sì tọ́ kó bínú, òjé kì í ṣe ohun àgbémì. Mo ń dúró báyìí kí ẹran yí ẹ̀gbẹ́ sí mi, kí n lè fojú sun orí àti ọrùn.

Òjò ò mú un wú bíi ti oníbébà àtijọ́, àmọ́ ìdí rẹ̀ ń dípẹtà nínú àpò tó tutù.

Gígùn kátíríìjì ló ṣe pàtàkì jù. Mílímítà 70 ni gígùn tí wọ́n kọ sára ìbọn mi. Kátíríìjì 76 lè wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́, torí ẹnu kátíríìjì náà ká sínú. Tó bá yìn, ẹnu yẹn ò ní rí àyè ṣí, agbára ẹ̀tù á sì há sínú ìbọn, lẹ́bàá ojú yín. Àwọn kan tilẹ̀ ń tú kátíríìjì kí wọ́n lè da ẹ̀tù kún un. Mi ò ní bá wọn ṣọdẹ.

Ṣọ́ọ̀bù tó ní ìwé àṣẹ ni kẹ́ ẹ ti rà á, kẹ́ ẹ sì ka 12/70 (géèjì 12, gígùn 70) lára kátíríìjì fúnra rẹ̀, kì í ṣe lára páálí nìkan.