Ẹ wá ta líìgì Lichess4545, ó yàtọ̀ gan-an

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ṣẹ́ẹ̀sì oníṣẹ́jú mẹ́ta lórí fóònù látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbìyànjú líìgì Lichess4545 wò, ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì láàárín tíìmù ni, orí Lichess, ìkànnì ṣẹ́ẹ̀sì orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n ti ń ta á. Ọ̀fẹ́ ni. Èèyàn mẹ́jọ ní tíìmù kan, gémù kan lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 45 lẹ máa ní, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá sì ti ta ẹyọ kan wọ́n á fi sẹ́kọ́ǹdì 45 kún un. Ẹ̀yin àti ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ bá ta lẹ máa jọ fàsìkò sí i fúnra yín.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé ẹ ti máa mọ ẹni náà kọ́jọ́ tó pé. Ẹ kàn lọ sí opening explorer orí Lichess, ẹ tẹ orúkọ ẹ̀ síbẹ̀, bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ayò á hàn kedere. Èmi ò wo nǹkan kan nígbà tí mo kọ́kọ́ wọlé o. Caro-Kann, ọ̀nà kan tí dúdú máa ń gbà dáhùn e4, ni mo máa ń ta tí mo bá mú dúdú (lẹ́tà àti nọ́ńbà bíi e4 ni orúkọ ojú ibi tí wọ́n gbé ẹyọ sí), ẹni yẹn ta e4, mo ta c6, ó ta d4, mo ta d5, ó ti e5, mo gbé bíṣọ́ọ̀bù sí f5, ló bá ti h4, èmi náà fi wàdùwàdù ti e6. Háà. Ó ti g4, mo gbé bíṣọ́ọ̀bù sá lọ sí e4, ó ti f3, mo sá padà sí g6, ó ti h5, bíṣọ́ọ̀bù ò ríbi gbà mọ́, pọ́ọ̀nù lásán ló sé e mọ́bẹ̀! h5 ló yẹ kí n ti dípò e6 yẹn. Mo ṣì jókòó tì í fún bíi wákàtí méjì torí àwọn tó kù ti ta tiwọn tán, a ti ní máàkì mẹ́rin, ààbọ̀ péré (ìyẹn ọ̀mì) la ń wá ká lè borí, mi ò rí i mú wá. 4-4 ló parí sí. Ó dùn mí wọra.

Olórí tíìmù wa ò bú mi, ó ṣí study kan (ojú ìwé orí Lichess téèyàn ti lè jọ yẹ gémù wò), a jọ tún un ta lálẹ́ ọjọ́ yẹn títí ó fi yé mi.

Àmọ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ta ẹyọ nígbà 60 nínú gémù kan, ó lè gba wákàtí mẹ́ta, torí náà ẹ rí i pé iná àti dátà wà, tí ò bá sì ní ṣeé ṣe ẹ tètè sọ kí wọ́n lè wá arọ́pò.

Sátidé yìí mo mú dúdú. Mo ti wo gémù ẹ̀, òun náà ń ti h4.